Bí a ṣe ń tún ilẹ̀ jíìpù àtijọ́ tó ti dípẹtà ṣe

Kí ẹ tó pe jórin-jórin kankan, ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé. Ihò tó wà nílẹ̀ jíìpù kọ́ ni àìsàn náà gan-an. Omi tó ti ń dúró síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ni. Bí ẹ bá fi páànù tuntun dí ihò náà, tí omi kò sì dáwọ́ dúró, páànù tuntun á jẹ bíi ti àkọ́kọ́. Ó tiẹ̀ máa ń yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé iná ti jó gbogbo ọ̀dà tó yẹ kó dáàbò bo irin náà kúrò lójú ibi tí a ti so ó pọ̀.

Toyota Land Cruiser 60, èyí tí wọ́n ṣe láti 1980 sí 1990, la máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀nà kan náà ló bá ọ̀pọ̀ jíìpù oníṣáásì mu: Land Cruiser 40, Patrol, 4Runner, Pajero ayé àtijọ́. Bọ́dì irú ọkọ̀ báyìí dá dúró, ó jókòó sórí ṣáásì, rọ́bà wà láàárín wọn, bóòtù ló dè wọ́n pọ̀. Ṣáásì ló ru ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, kì í ṣe ilẹ̀ bọ́dì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ irin jó dáadáa fi lè gé ilẹ̀ náà kúrò kó sì fi òmíràn sí i láìba ìrìn ọkọ̀ jẹ́. Àmọ́ o, ìjókòó àti bẹ́líìtì tó ń dá èèyàn dúró bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ara ilẹ̀ yẹn ni bóòtù wọn wà. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹ̀mí ni, ẹ má fi ojú ọ̀ṣọ́ wò ó.

Ibo ni omi ti ń wọlé?

Ibi tí ọkọ̀ ti wá máa ń sọ ibi tí ẹ ó wò. Tòkunbọ̀ tó wá láti Kánádà tàbí apá àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń jẹ wá sókè. Ẹ ó rí i pé kápẹ́ẹ̀tì gbẹ, ilẹ̀ inú dára lójú, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ti ń já bí èèpo igi. Èyí tó ti pẹ́ ní Èkó tàbí Kútọnù, òkè ló máa ń jẹ lọ sísàlẹ̀: òjò àti omi éésì ló ń rin kápẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ kó gbẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà tó yí gíláàsì iwájú ká. Bó bá ti gan tó sì ń là, omi á gba abẹ́ rẹ̀ wọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, á ṣàn sí ibi tí dírẹ́bà ń gbé ẹsẹ̀ lé. Lára Land Cruiser 60, etí irin tí rọ́bà náà jókòó lé máa ń jẹ pẹ̀lú, nítorí náà rọ́bà tuntun nìkan kì í sábà tó. Ẹ yọ gíláàsì, kí ẹ wo irin abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àyè tó wà nísàlẹ̀ wáípà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọnú ọkọ̀. Jíìpù tí wọ́n máa ń gbé sábẹ́ igi, ewé á já sínú ibẹ̀, á jẹrà, á dí ihò tí omi ń gbà jáde, omi á wá kún un bí agbada.

Họ́ọ̀sì kékeré tí omi éésì ń gbà kán sílẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá tan éésì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ kò rí omi kó máa kán lábẹ́ ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ọkọ̀ ló ń kán sí. Ẹ wo rọ́bà ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì wo àwọn rọ́bà róbótó tó dí ihò ilẹ̀. Wọ́n sábà máa ń já sọnù lójú ọ̀nà tí kò dára, ẹrẹ̀ á sì máa fọ́n wọlé láti ibẹ̀. Ẹ fi ìka kan omi náà, ẹ má fi sẹ́nu. Bó bá ń yọ̀ bí òróró, tí òórùn rẹ̀ dùn, omi rédíétọ̀ ni, hítà ló ń jò.

Láti mọ̀ dájú, kí ẹnì kan wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kejì máa fi họ́ọ̀sì da omi sí i lára. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀ gíláàsì, kí ẹ tó dé òkè, ìṣẹ́jú márùn-ún lójú kan. Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ èwo ló ń jò.

Tú u, kí ẹ rí òótọ́

Ẹ yọ ìjókòó. Sípánà 14 ló máa ń wọ orí bóòtù wọn nínú ọ̀pọ̀ Toyota. Ẹ fín òróró ìtúbóòtù sí i láti abẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí bóòtù má baà kán. Ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì àti òwú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òwú yẹn gan-an ló ń pa ilẹ̀ ọkọ̀, nítorí ó máa ń mu omi bíi kànìnkànìn, kò sì ní gbẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má dá a padà sínú ọkọ̀. Ẹ ó tún bá nǹkan dúdú bí ọ̀dà títì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin láti dín ariwo kù. Ẹ há a kúrò pátápátá, ó kéré tán dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá ibi tí ẹ máa jó, torí pé tí iná bá kàn án, á gbiná.

Wàyí o, ẹ gbá ilẹ̀ náà pẹ̀lú hámà kékeré, ìka mẹ́ta síra. Irin tó dára á dún gooro. Èyí tó ti jẹ á dún bọ̀tọ̀. Ẹ fi ẹnu sukudiráfà tẹ ibi tó bá dún bọ̀tọ̀. Bó bá wọlé, tàbí bó bá tẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Ẹ ṣe é láti inú, kí ẹ tún lọ sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ ṣe é láti ibẹ̀. Ohun tí ojú rí lókè kì í sábà ju ìdajì ohun tó wà nísàlẹ̀ lọ.

Ìpẹtà tó kàn wà lójú irin, tí búrọ́ọ̀ṣì onírin lè gbá lọ, kò nílò gígé. Èyí tó ti gbẹ́ irin bí ojú ẹni tí ilẹ̀gbóná jà ṣùgbọ́n tí sukudiráfà kò lè lu, ẹ há a mọ́, kí ẹ fi oògùn ìpẹtà tó ní phosphoric acid pa á. Èyí tó bá ti lu, gígé ni.

Ibì kan wà tó yẹ kí ẹ ti dúró, kí ẹ tún ìnáwó rò. Bí ó bá jẹ́ pé àpótí irin tó gùn lábẹ́ ẹnu ọ̀nà, tàbí ibi tí bọ́dì ti jókòó sórí rọ́bà ṣáásì, ló ti jẹrà, iṣẹ́ náà ti kúrò ní ti ilẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá gé irú ibẹ̀ láìfi irin gbe ẹnu ọ̀nà, bọ́dì á tẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní padé mọ́. Ẹ fi irin áńgù dè é láti òpó iwájú dé òpó àárín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wọn àlàfo ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Bí ṣáásì fúnra rẹ̀ bá ti lu, ẹ tún ìyẹn ṣe ná.

Ohun tí ẹ ó rà

Fún ibi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ìdajì páànù dúdú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin, tó. Kó nípọn mìlímítà 1 sí 1.2. Èyí tí kò ju 0.8 lọ kò ní pẹ́. Èyí tó dé 2 kò ní ṣeé tẹ̀ bá ìlà ilẹ̀ mu, iná tó máa jó o á sì lu irin àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Èkó, Òwódé Onírin ni kí ẹ ti wá a. Ẹ má lo páànù òrùlé tàbí irin dídán tí wọ́n rì sínú zinc: èéfín funfun tó ń jáde lára zinc nígbà tí iná bá kàn án máa ń fa ibà, gbígbọ̀n àti orí fífọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú ibi tí a jó á sì kún fún ihò wẹ́wẹ́.

Ẹ ra òkúta gíráńdà tínrín, ti mìlímítà 1, bíi mẹ́wàá, torí wọ́n máa ń tètè fọ́; òkúta oníwèé nọ́ńbà 60 mẹ́ta; ọ̀dà zinc oníspírè tí a lè jó lórí rẹ̀, agolo kan; epoxy primer (ọ̀dà àkọ́kùn) lítà kan pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn; gọ́ọ̀mù ojú ìsopọ̀ bọ́dì ọkọ̀, ọ̀pá méjì; ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ lítà méjì. Àwọn rọ́bà róbótó tó ń dí ihò ilẹ̀ wà ní ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó. Ẹ wọn ihò kí ẹ tó lọ.

Kí iná tó dé

Ẹ yọ orí bátìrì, ti ìyọkúrò (−) ṣáájú. Bí ọkọ̀ yín bá ní kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, bíi FJ62, irú Land Cruiser 60 kan tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ yọ ojú wáyà kọ̀ǹpútà náà àti ti alternator tó ń fi iná sí bátìrì pẹ̀lú. Páìpù epo àti ti bíréèkì ń gba ẹ̀gbẹ́ ṣáásì kọjá lábẹ́ ibi tí ẹ ń gé. Ẹ wá a rí, ẹ tú u sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kí ẹ fi aṣọ tútù nínípọn wé e. Wáyà tó ń lọ sẹ́yìn ọkọ̀ sábà máa ń gba ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Òkúta gíráńdà kì í mọ wáyà yàtọ̀ sí irin.

Ẹ ní ẹ̀rọ apaná àti omi kórobá méjì nítòsí. Kí ẹnì kan jókòó níbi tó ti ń rí abẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá ń jó, nítorí ẹni tó wọ ìbòjú kò lè rí iná tó mú lábẹ́. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Iná tó ń ràn jẹ́jẹ́ nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ tàbí lára ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ máa ń dìde nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ jẹun.

Gígé àti páálí

Ẹ gé kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì, bí ìka méjì sínú irin tó dára. Ó máa ń dun èèyàn láti gé irin tó ń dán, ṣùgbọ́n ìtòsí ìpẹtà ni irin ti máa ń tínrín jù, ibẹ̀ sì ni iná á ti máa lu ú. Ẹ jẹ́ kí igun ihò náà rí róbótó. Igun ṣonṣo ni irin ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí ọkọ̀ bá ń fò nínú kòtò. Ibi tí ilẹ̀ bá jókòó sórí irin ìdábùú, ẹ má gé dé ìdábùú náà. Ẹ wá àwọn ojú kóńkó róbótó tí ilé-iṣẹ́ fi so wọ́n pọ̀, ẹ fi dírílì 8 lu páànù òkè nìkan, kí ẹ wá fi síṣẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ṣí i.

Páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kì í ṣe páànù. Ẹ tẹ páálí mọ́ ojú ihò, ẹ fa ìlà sí i, ẹ fi mìlímítà 15 sí 20 lé e yíká bí ẹ bá fẹ́ kí páànù gun orí irin àtijọ́. Ẹ ká páálí náà títí á fi bá gbogbo kọ́nà ibi ẹsẹ̀ mu, kí ẹ wá tẹ̀ lé e gé páànù. Ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ṣe ní ìlà kókó-kòtò lára rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́: òun ló ń jẹ́ kí páànù tínrín má máa dún pàkà-pàkà bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé páànù sórí irin áńgù méjì tó fi àlàfo sílẹ̀, ẹ fi irin róbótó àti hámà lu ìlà náà sí i. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó fún ibi ẹsẹ̀ kan.

Bí ihò bóòtù ìjókòó tàbí ti bẹ́líìtì bá wà nínú ibi tí ẹ gé, ẹ fi irin mìlímítà 3, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, sábẹ́ ibẹ̀ kí ẹ sì jó o yíká. Ẹ má fi nọ́ọ̀tì lásán sórí páànù mìlímítà 1; á fà ya lọ́jọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀.

Jíjó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ̀rọ MIG, ìyẹn ẹ̀rọ ìjórin tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀, tó ń lo wáyà mìlímítà 0.6 ló yẹ ilẹ̀ ọkọ̀, pẹ̀lú gáàsì CO2 tàbí àdàlù argon, iná rẹ̀ láàárín 40 sí 60 ampere fún páànù mìlímítà 1. Gáàsì oníkábáàdì tí ọ̀pọ̀ páńẹ́ẹ̀bítà ń lò lè so ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ máa ń tàn jìnnà, páànù á wú á sì yí, ohun dúdú tó wà lábẹ́ á gbiná. Ẹlẹ́kítiróòdù géèjì 12 táwọn jórin-jórin fi ń ṣe géètì nípọn jù. Ihò ló máa dá sílẹ̀. Bí kò bá sí MIG rárá, ẹ wá ẹlẹ́kítiróòdù mìlímítà 2, páànù 1.2, àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yára. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jó ègé méjì pọ̀ lójú yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kó tó kan ọkọ̀.

Ẹ há ojú méjèèjì mọ́ títí á fi dán, lókè àti lábẹ́, bí ìka kan ààbọ̀ láti etí. Ọ̀dà, gọ́ọ̀mù tàbí ìpẹtà tó bá kù á hó sínú iná, ojú ìsopọ̀ á rí bí àkàrà. Ẹ fín ọ̀dà zinc sáàárín ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn, nítorí búrọ́ọ̀ṣì kò ní dé ibẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ fi kílíǹpù mú wáyà earth ẹ̀rọ MIG mọ́ irin ìtòsí ibi iṣẹ́, kì í ṣe mọ́ ṣáásì lọ́nà jíjìn.

Ẹ kán an ní kókó kan ní igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó kán an ní àárín, ọ̀nà ìka méjì síra. Ẹ máa fò káàkiri: ẹ̀yìn, iwájú, ọ̀tún, òsì. Bí ibi kan bá gbóná tí ọwọ́ kò ṣeé gbé lé, ẹ bọ́ síbòmíràn. Ẹni tó bá fa ìlà gígùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á rí i kí páànù dìde láàárín bí ìlù, kò sì sí hámà tó máa tẹ́ ẹ padà dáadáa. Ẹ dúró kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i. Bí iná bá lu irin, ẹ di ègé bàbà pẹlẹbẹ mú sábẹ́ ihò náà kí ẹ wá kún un: irin tó ń yọ́ kò lẹ̀ mọ́ bàbà. Lórí irin ìdábùú, ẹ lu ihò mìlímítà 8 sára páànù tuntun, ọ̀nà ìka méjì síra, kí ẹ kún ihò kọ̀ọ̀kan dé ìsàlẹ̀.

Ẹ lọ kókó náà pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá ń wá kó tẹ́ pẹrẹsẹ bí gíláàsì, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ ó lọ tán. Tó bá dalẹ̀, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ wò ó láti inú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, bó ti wù kó kéré, omi á gbà á.

Dídí àti kíkùn

Lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ kun epoxy primer. Ní àsìkò òjò, irin tí a há mọ́ láàárọ̀ lè ti pọ́n kó tó di ọjọ́ kejì. Primer lásán máa ń fa omi mọ́ra, ìyẹn ni ìpẹtà fi ń yọ lábẹ́ ọ̀dà tó ṣì ń dán. Ọ̀nà méjì ni kí ẹ kùn, lókè àti lábẹ́. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù tẹ gbogbo ojú ìsopọ̀ nínú, kí ẹ tún ṣe é lábẹ́. Etí páànù tó gun ara wọn lábẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí ibẹ̀ ni omi táyà ń fọ́n sí. Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ ló kẹ́yìn, lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá ti le.

A mọ̀ pé àwọn kan máa ń da ọ̀dà títì gbígbóná lé ìpẹtà, tàbí kí wọ́n fi fáíbà tàbí bọ́dì-fílà dí ihò. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni kó ṣe é. Ìpẹtà tó wà lábẹ́ kò kú. Omi tó ti wà níbẹ̀ kò rọ́nà jáde mọ́, á sì máa jẹ irin ní ìkọ̀kọ̀ títí ìjókòó á fi mi lábẹ́ ẹni tó jókòó lé e.

Dídá a padà

Ẹ fi rọ́bà tuntun dí gbogbo ihò róbótó, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù díẹ̀ létí rẹ̀. Dípò òwú àtijọ́, ẹ lo fóòmù tí omi kì í wọ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹní eré ìdárayá. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, kó lè ṣeé gbé sókè. Kí ẹ tó di bóòtù ìjókòó, ẹ fi gíríìsì pa á lára.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè ní apá méjèèjì, kí ẹ fi ìwé tísù tẹ kọ̀rọ̀ tó jìn jù níbi ẹsẹ̀. Bí tísù bá rin, ẹ padà sí họ́ọ̀sì omi àti tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà jáde. Ní oṣooṣù tí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi omi tó ní agbára fọ ẹrẹ̀ tó há sáàárín bọ́dì àti ṣáásì, pàápàá lẹ́yìn táyà iwájú, níbi tí ọwọ́ kò dé.